Mónìkà Mímọ́, Ìyá Ọlọ́mọ, Ìyá Ìjọ

Nígbà tí ìjọ kan bá ń ṣe júbílì, orúkọ àwọn fàdá tí wọ́n sìn níbẹ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń kà, lẹ́yìn náà orúkọ àwọn tí wọ́n fi ilẹ̀ tọrẹ àti àwọn tí wọ́n kọ́ ilé Ọlọ́run. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó mọ inú ìjọ dáadáa mọ̀ pé àwọn ìyá wà níbẹ̀ tí a kì í kọ orúkọ wọn sára ògiri: àwọn tí ń jí lọ sí Mísà kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tí ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run, àwọn tí ń dárúkọ ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú pẹpẹ. Ní ọlá wọn ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ìyá kan nínú ìwé ìrántí yìí. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, ó sì ti lé ní 1,600 ọdún tí ó ti kú. Orúkọ rẹ̀ ni Mónìkà Mímọ́, ẹni tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ ìyá nínú Ìjọ Àgùdà fi ṣe alábòójútó wọn.

Ọmọ rẹ̀, Ágústínì Mímọ́, ni ó jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 397, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti di bíṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ ìtàn ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀. Kò sọ rere rẹ̀ nìkan, ó sọ àṣìṣe rẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa yóò ṣe.

Ìgbà èwe rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 331 ni a bí Mónìkà ní ìlú Tagaste, tí a ń pè ní Souk Ahras lónìí ní ilẹ̀ Àlìjéríà, nítòsí ààlà Tùnísíà. Àwọn ará Róòmù ni ó ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà nígbà náà. Onígbàgbọ́ ni àwọn òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tọ́ ọ jù lọ ni ìyá àgbà kan, ìránṣẹ́ inú ilé wọn, tí ó ti pọn bàbá Mónìkà pàápàá nígbà tí bàbá náà wà ní ọmọ ọwọ́. Ìyá àgbà yìí kì í gba ìgbàkugbà. Kò jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin ilé náà mu omi pàápàá láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, nítorí ó ní bí wọ́n bá dé ilé ọkọ, tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ọtí bá di tiwọn, omi kò ní tẹ́ wọn lọ́rùn mọ́.

Síbẹ̀, ohun tí ìyá àgbà ń bẹ̀rù ni ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá rán Mónìkà láti lọ bu ọtí wáìnì nínú àgbá, a máa fi ètè kàn án kí ó tó bù ú. Ìtọ́wò di ìkán, ìkán di ẹ̀kún ife. Ní ọjọ́ kan, ẹrúbìnrin tí wọ́n jọ máa ń lọ bu ọtí bá a jà, ó sì fi ìkanra pè é ní ọ̀mùtí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Kò bú u padà, kò sì fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ó wo ara rẹ̀, ó rí i pé òtítọ́ ni, láti ọjọ́ náà ni ó sì ti fi ìwà náà sílẹ̀. Ẹni tí yóò di Mímọ́ bẹ̀rẹ̀ nípa gbígba òtítọ́ lẹ́nu ẹni tí ó kórìíra rẹ̀.

Ní ilé ọkọ

Nígbà tí ó tó ọmọ tí ń lọ sí ilé ọkọ, a fi í fún Patricius, ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ ìlú Tagaste, ẹni tí ó ní ipò ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Kì í ṣe onígbàgbọ́. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ a máa tètè ru, kò sì jẹ́ olóòótọ́ sí aya rẹ̀ nípa ti obìnrin. Mónìkà kì í dá a lóhùn nígbà tí ìbínú bá ń gùn ún. Yóò dúró títí ara rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀, nígbà náà ni yóò wá ṣàlàyé ohun tí ó ṣe àti ìdí rẹ̀. Àwọn ìyàwó mìíràn nínú ìlú, tí ọkọ wọn kò tó Patricius bínú, máa ń jáde pẹ̀lú ojú wíwú, ẹnu a sì yà wọ́n pé a kò gbọ́ rí pé Patricius na aya rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ibí yìí fa ẹ̀kọ́ tí kò sí níbẹ̀. Ìjọ kò kọ́ obìnrin pé kí ó máa fara gba ẹgba, ọkùnrin tí ń lu aya rẹ̀ kò sì ní ibi ìfarapamọ́ nínú ìtàn yìí. Ohun tí a yìn lára Mónìkà ni ọgbọ́n tí ó fi mọ ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí a ń dákẹ́.

Ìyá ọkọ rẹ̀ wà nínú ilé náà pẹ̀lú, àwọn ìránṣẹ́bìnrin sì ń gbé òfófó lọ sí etí rẹ̀ títí inú rẹ̀ fi bàjẹ́ sí ìyàwó. Mónìkà kò bá a jà. Ó ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀, ó ń bọ̀wọ̀ fún un, ó sì ní sùúrù, títí ìyá náà fi fúnra rẹ̀ tú àṣírí àwọn olófòófó fún ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà wọ́n jọ gbé ní ìrẹ́pọ̀. Nígbà tí ẹni méjì bá ń jà, tí olúkúlùkù sì wá ń sọ̀rọ̀ èkejì láìdáa fún Mónìkà, ohun tí ó lè mú wọn rẹ́ nìkan ni yóò gbé lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì, yóò gbé ìyókù mì. Ẹni tí ó bá ti gbé agbo ilé rí mọ bí iṣẹ́ yìí ti tóbi tó.

Pẹ̀lú ìwà yìí ni ó fi jèrè ọkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 370 Patricius wọlé sí àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Kí ó tó kú ní nǹkan bí ọdún kan sí i, a rì í bọmi. Mónìkà kò fẹ́ ọkọ mìíràn mọ́. Ọmọ mẹ́ta ni a mọ̀ pé ó bí: Ágústínì, Navigius, àti ọmọbìnrin kan tí ó wá di olórí ilé àwọn obìnrin tí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run ní ìlú Hippo.

Omijé lórí ọmọ

Ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 354 ni ó bí Ágústínì. Ọmọ náà já fáfá, àwọn òbí rẹ̀ sì ná owó tí wọn kò ní láti rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ní Madauros àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Carthage. Ìwé yé e, ṣùgbọ́n ayé gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó mú obìnrin kan sọ́dọ̀ láìgbé e níyàwó, obìnrin náà bí ọmọkùnrin kan fún un tí wọ́n sọ ní Adeodatus. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó bọ́ sínú ẹ̀kọ́ Mani, ọmọ ilẹ̀ Páṣíà, tí ń sọ pé agbára méjì, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, ni ó ń bá ara wọn jà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi wà nínú rẹ̀, ó sì ń fa àwọn ẹlòmíràn wọ̀ ọ́.

Mónìkà sunkún lé e lórí ju bí àwọn ìyá ti ń sunkún òkú ọmọ lọ. Ó kọ́kọ́ kọ̀ láti bá a jẹun lórí tábìlì kan náà. Lẹ́yìn náà ni ó lá àlá kan: ó rí ara rẹ̀ lórí igi pẹlẹbẹ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ara rẹ̀ ń tàn sì ní kí ó wò ó, pé ibi tí ó dúró sí ni ọmọ rẹ̀ dúró sí pẹ̀lú. Nígbà tí ó rọ́ ọ fún Ágústínì, ọmọ náà fẹ́ yí i pé ìyá rẹ̀ ni yóò wá sí ọ̀dọ̀ òun. Kíá ni ìyá dá a lóhùn pé rárá, a kò sọ bẹ́ẹ̀ fún òun: ọmọ ni yóò wá sí ibi tí ìyá wà. Àlá yìí ni ó mú kí ó gbà á padà sínú ilé.

Ó tọ bíṣọ́ọ̀bù kan lọ, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó bá ọmọ òun sọ̀rọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù náà, tí ó ti dàgbà nínú ẹ̀kọ́ Mani fúnra rẹ̀, kọ̀. Ó ní etí ọmọ náà kò tíì ṣí, kí ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀, kí ó sáà máa gbàdúrà fún un. Mónìkà kò gbà, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sunkún, títí ó fi sú bíṣọ́ọ̀bù náà díẹ̀, ó sì ní kí ó máa lọ, pé ọmọ tí a sun irú ẹkún báyìí lé lórí kò lè ṣègbé. Ó gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé láti ọ̀run ni ó ti wá.

Ní ọdún 383, Ágústínì fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Róòmù. Ìyá rẹ̀ dì í mú ní èbúté Carthage, ó ní bí kò bá padà sílé, òun yóò bá a lọ. Ọmọ náà purọ́ fún un. Ó ní òun kàn fẹ́ sin ọ̀rẹ́ kan tí ń dúró de afẹ́fẹ́ ni. Ó rọ̀ ọ́ kí ó lọ sùn ní ilé ìsìn ìrántí Sípíríánì Mímọ́, ajẹ́rìíkú, tí ó wà nítòsí ibẹ̀. Ní òru náà, bí ìyá ti ń fi omijé gbàdúrà pé kí ọmọ má lọ, ọkọ̀ ti ṣí. Ágústínì kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé Ọlọ́run kọ ohun tí ìyá òun ń bèèrè ní òru ọjọ́ náà kí ó lè fún un ní ohun tí ó ti ń bèèrè láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí láti Róòmù ni Ágústínì ti dé Mílánì, níbi tí Ambrosius Mímọ́ ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù.

Ní Mílánì

Ní ọdún 385, opó tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún wọ ọkọ̀ tọ ọmọ lọ. Ìjì jà lójú òkun, àwọn atukọ̀ bẹ̀rù, òun ni ó ń tù wọ́n nínú. Nígbà tí ó dé Mílánì, ó gbọ́ pé Ágústínì ti fi ẹ̀kọ́ Mani sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì di onígbàgbọ́. Kò fò sókè. Ó ní òun ní ìdánilójú nínú Krístì pé òun yóò rí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìjọ Àgùdà kí òun tó kúrò láyé.

Nílé, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni Mónìkà máa ń lọ sí ilé ìsìn, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Àṣà kan tún wà tí ó bá dàgbà: gbígbé oúnjẹ tí a fi ìyẹ̀fun sè, àkàrà àti ọtí wáìnì díẹ̀ lọ sí ibojì àwọn ajẹ́rìíkú. Ó gbé e lọ ní Mílánì, ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sì dá a dúró, ó ní bíṣọ́ọ̀bù ti ka èèwọ̀ rẹ̀. Ambrosius rí i pé ó ń fún àwọn ọ̀mùtí láyè, ó sì jọ àsè tí àwọn tí kò gbàgbọ́ ń ṣe fún òkú wọn. Mónìkà kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àríyànjiyàn. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ padà. Láti ìgbà náà, àdúrà ni ó ń gbé lọ síbi ibojì, ohun tí ó wà nínú agbọ̀n sì di ti àwọn tálákà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ Sátidé: ní Róòmù wọ́n ń gbà á, ní Mílánì wọn kì í gbà á, ó sì dà á láàmú. Ambrosius ní kí ó máa ṣe bí Ìjọ ibi tí ó bá wà ti ń ṣe. Ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 386, Justina, ìyá ọba Valentinianus Kejì tí ó ṣì kéré, fẹ́ fi agbára gba ilé ìsìn kan fún àwọn ọmọlẹ́yìn Arius. Àwọn onígbàgbọ́ wọ inú ilé ìsìn pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n sì pinnu láti kú níbẹ̀. Mónìkà wà lára àwọn tí ó ṣíwájú nínú àìsùn náà.

Ohun kan wà ní Mílánì tí kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n Ágústínì kò fi í pamọ́. Ìyá rẹ̀ sapá púpọ̀ kí ó lè gbé ìyàwó nísu-lọ́kà, ó sì gbà gbọ́ pé ìgbéyàwó náà ni yóò mú un dé ibi ìrìbọmi. A tọrọ ọmọbìnrin kan fún un, tí ó ku ọdún méjì kí ó tó tó ẹni tí òfin ayé ìgbà náà gbà kí ó lọ sí ilé ọkọ. A wá lé obìnrin tí ó ti bá a gbé fún bí ọdún márùn-ún dín lógún lọ. Ó padà sí Áfíríkà, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní mọ ọkùnrin mìíràn, ó sì fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Ágústínì sọ pé ọkàn òun ya, ó sì ṣẹ̀jẹ̀. Ìyá yẹn náà sunkún lórí ọmọ. Ìfẹ́ ìyá lè tọ́, kí ètò tí ó ṣe má tọ́, ìgbéyàwó tí Mónìkà fi ọkàn sí kò sì wáyé láé.

Ọjọ́ ayọ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 386, nínú ọgbà ilé kan ní Mílánì, oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ṣẹ́gun Ágústínì. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sáré lọ láti ròyìn. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé kí ọmọ rẹ̀ di onígbàgbọ́. Ọlọ́run fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọmọ náà ti pinnu láti fi gbogbo ayé rẹ̀ sin Ọlọ́run láìgbé ìyàwó.

Wọ́n kó lọ sí Cassiciacum, ní ìgbèríko Mílánì, láti múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi. Mónìkà ń ṣe ìtọ́jú gbogbo wọn bí ẹni pé òun ni ó bí wọn. Nígbà tí wọ́n bá jókòó láti jíròrò lórí ọgbọ́n, òun náà a dá sí i. Ágústínì ní kí akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá bèèrè bóyá a ti rí obìnrin nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ fi dá a lójú pé ọgbọ́n rẹ̀ yẹ níbẹ̀. Ní òru Àjíǹde, ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 387, Ambrosius ri Ágústínì, Adeodatus àti Alypius ọ̀rẹ́ wọn bọmi.

Ní Ostia

Ilé ni wọ́n ń lọ. Wọ́n dé Ostia, èbúté Róòmù, wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Ní ọjọ́ kan, ìyá àti ọmọ dúró lójú fèrèsé tí ó kọjú sí ọgbà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ìyè àìnípẹ̀kun títí ọkàn wọn fi fò kọjá ohun gbogbo tí a lè rí. Mónìkà ní òun kò mọ ohun tí òun tún ń ṣe láyé, nítorí ohun kan ṣoṣo tí òun ń dúró dè, Ọlọ́run ti ṣe é.

Kò ju bí ọjọ́ márùn-ún lọ lẹ́yìn èyí tí ibà fi mú un. Àwọn Yorùbá ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkàn Mónìkà ti rí tẹ́lẹ̀: ó ti pèsè ibojì rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ti ọkọ rẹ̀, kí a lè sin wọ́n pọ̀. Navigius ní ìbá dára kí ìyá kú sí ìlú wọn. Ìyá wò ó, ojú rẹ̀ kò dùn sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí wọ́n sin ara òun síbikíbi, kí wọ́n má da ara wọn láàmú lórí rẹ̀. Ohun kan ni òun ń tọrọ, kí wọ́n máa rántí òun níbi pẹpẹ Olúwa, níbikíbi tí wọ́n bá wà. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ bèèrè bóyá kò bẹ̀rù láti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn sílé, ó ní kò sí ibi tí ó jìnnà sí Ọlọ́run.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án àìsàn náà ni ó kú, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. A rú Ẹbọ Mímọ́ fún un níbi ibojì kí a tó sin ín. Ágústínì di ara rẹ̀ mú níwájú ènìyàn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, ní òun nìkan, ó jẹ́ kí omijé ṣàn. Ó sì bẹ gbogbo ẹni tí yóò ka ìwé rẹ̀ kí wọ́n rántí Mónìkà àti Patricius níbi pẹpẹ.

Ní ọdún 1430, a gbé egungun rẹ̀ láti Ostia lọ sí Róòmù, níbi tí ó wà títí di òní nínú ilé ìsìn Ágústínì Mímọ́. Ní ọdún 1945, a rí apá kan òkúta tí a kọ ọ̀rọ̀ ìrántí rẹ̀ sí ní Ostia. Láti ìgbà àtúnṣe kàlẹ́ńdà Ìjọ ní ọdún 1969, ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ni a ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀, ọjọ́ kan ṣáájú ti ọmọ rẹ̀.

Ohun tí ó fi sílẹ̀ fún wa

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́, a sábà máa ń yin Mónìkà nítorí pé kò jọ̀wọ́ ọmọ rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó jọ̀wọ́ lójú ọ̀nà: ife wáìnì ìgbà èwe rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nínú ìjà, agbọ̀n oúnjẹ tí ó ń gbé lọ síbi ibojì, ìgbéyàwó tí ó ti ṣètò, àti ibojì tí ó ti pèsè ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀. Àdúrà nìkan ni kò jọ̀wọ́.

Ọ̀rọ̀ ibojì yìí kàn wá gidigidi, ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́. Ó dára kí a sin òbí wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìjọ kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n a mọ àwọn ilé tí ó jẹ gbèsè nítorí ìsìnkú, tí àwọn ọmọ sì ń jà lórí ibi tí a ó gbé òkú sí àti aṣọ tí a ó wọ̀, tí ọdún sì yípo láìsí ẹni tí ó tọrọ Mísà kan fún olóògbé náà. Ìyá Ágústínì gbà kí a fi òun sílẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì, bí a bá sáà ti ń dárúkọ òun níbi pẹpẹ. Ọmọ rẹ̀ ṣe ohun tí ó ní kí a ṣe.

Ní ọdún júbílì yìí, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ìyá tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa, kí wọ́n mú un wá fún àdúrà Ìjọ. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ sì ti yà kúrò lọ́nà, kí ó má ṣe rẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ tí Ágústínì ti bọ́ sínú ẹ̀kọ́ Mani títí di ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀, ó tó ọdún mẹ́rìnlá.

Mónìkà Mímọ́, gbàdúrà fún àwọn ìyá wa, fún àwọn ọmọ wa, àti fún àwọn òkú wa. Àmín.